Àwọn Ojú Tí Kì Í Sùn ní Pèpéle Ìdí-Ọ̀pọ̀tọ́

Nígbà tí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí bẹ̀rẹ̀, bàbá mi Ọdẹ́dínà ṣì wà láyé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ̀ ti fọ́, tí ó ń fi imú mọ ẹran tí mo bá pa wálé. Baálẹ̀ Akíntáyọ̀ wà láyé. Ìyálóde Ọ̀jẹ́bísí wà láyé, ohùn rẹ̀ ń dún láti ọjà dé odò. Igi ọ̀pọ̀tọ́ tí wọ́n fi sọ ìlú wa lórúkọ wà ní ìdúró, kò tíì sí ẹni tó gé e. Àwẹ̀ró ọmọ mi wà láyé. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, nítorí pé ó dùn lẹ́nu mi: Àwẹ̀ró wà láyé. Fágbàmígbé ọkọ mi nìkan ni kò sí mọ́, ikú rẹ̀ ló sì gbé mi rìn.

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ kún àgbàlá yìí, ṣùgbọ́n ẹ má sún mọ́ ara yín jù. Ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín èjìká sí èjìká. Ẹ óò mọ ìdí rẹ̀ kí n tó dákẹ́. Àdùfẹ́, ọmọ Àwẹ̀ró, ìwọ lo ní kí n sọ ọ́. Bí mo bá dé ibi tó korò, má ṣe dìde lọ. Èmi kò dìde lọ ní tèmi.

Lámídì ilé kejì ti ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá àgbà, ṣé lóòótọ́ lẹ pa ẹfọ̀n?" Wò ó, ọmọ, ẹfọ̀n tí mo pa ni bàbá rẹ jẹ itan rẹ̀ kí ó tó lágbára àtifẹ́ ìyá rẹ. Ọmọkùnrin mẹ́ta ni Ọdẹ́dínà bí, ayé kò jẹ́ kí ọ̀kankan dúró nínú wọn; èmi tí mo kù ni ó gbé ìbọn lé léjìká. Ẹni tí kò bá gbà, kí ó wá di ọwọ́ mi mú, kí a wo ẹni tí yóò kọ́kọ́ ké. Kò sí? Ó dáa. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Èmi rìn jìnnà. Abuké ọ̀kẹ́rẹ́ ló tilẹ̀ kéré jù nínú ohun tí mo rí.

Ọdún tí ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìlú wa kọjá ni wọ́n mọ pèpéle kan sí ẹ̀gbẹ́ irin, kí èrò máa dúró lé e. Ó gùn, kò fẹ̀. Àgbàlá baálẹ̀ fẹ̀ jù ú lọ. Gbogbo abúlé tó yí wa ká ló ń wá wọ ọkọ̀ níbẹ̀, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló sì ń wá lójúmọ́. Bí ó bá ti fọn fèrè lókè odò báyìí, ẹni tó wà lẹ́yìn á rò pé ọkọ̀ fẹ́ já òun sílẹ̀, á ti ẹni iwájú rẹ̀. Ẹni iwájú á ti ẹni tó tún wà níwájú. Títí tí yóò fi kan àwọn tó dúró létí irin, àwọn tí kò ní ẹni tí wọn yóò tì.

Fágbàmígbé lọ pàdé àbúrò rẹ̀ níbẹ̀ ní ọjọ́ ọjà. Kò bọ́ sábẹ́ ọkọ̀ o. Kò sí ẹni tó lù ú. Ó kú ní ìdúró. Èrò fún un mọ́ àárín títí èémí fi tán nínú rẹ̀, kò sì rí àyè ṣubú. Ìgbà tí ọkọ̀ lọ tí èrò tú ká ni ó tó wó lulẹ̀ bí òpó tí ikán ti jẹ nínú. Wọ́n máa ń sọ pé èèyàn bo ni lára ju aṣọ lọ. Òótọ́ ni. Wọ́n bò ó lára.

Láníyọnu, ọ̀gá téṣàn, wá kí wa. Ó ká fìlà rẹ̀ mọ́ ọwọ́. Ó ní, "Ìyá Àwẹ̀ró, ẹ má bínú sí mi. Mo dúró lójú fèrèsé mi, orí ni mò ń rí, orí kò sì yàtọ̀ sí orí. Kò sí ẹni tó ń mọ ìgbà tí wọ́n bá pọ̀ jù, àfi ìgbà tí wọ́n bá ti pọ̀ jù."

Bàbá mi gbọ́. Nígbà tí ọ̀gá téṣàn lọ tán, ó yí ojú rẹ̀ tó fọ́ sí mi.

"Ọdẹ́bùnmi."

"Ẹ̀n, Bàbá."

"Ìlú kan wà lẹ́yìn Igbó Ìfúnpọ̀. Àwọn tí èrò tẹ̀ pa ló ń gbé ibẹ̀. Wọ́n ní àwọn ojú kan tí kì í sùn. Wọ́n á máa wo èrò, wọ́n á máa kà wọ́n, wọ́n á sì ké kí wọ́n tó pọ̀ jù. Òkú ló ní i, alààyè ló nílò rẹ̀. Ọmọ rẹ yìí á dàgbà, á gun pèpéle yẹn. Lọ."

Àwẹ̀ró kò tíì ga tó ìdí ìbọn mi nígbà náà. Mo gbé e lé bàbá mi lẹ́sẹ̀, mo sì búra fún un pé ohun tó pa bàbá rẹ̀ kò ní pa òun. Ìbúra yẹn ni ẹrù tí mo gbé wọ igbó. Ìbọn fúyẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Igbó Ìfúnpọ̀ kò jọ igbó tí ẹ mọ̀. Igi inú rẹ̀ ń rìn. Wọn kò rìn kánkán. Wọ́n ń wọ́ gbòǹgbò bí arúgbó ṣe ń wọ́ bàtà, gbogbo wọn kọjú síbì kan náà, èjìká lé èjìká. Mo wọ àárín wọn láìfura. Kí n tó pajú pẹ́, ìrókò ti fún mi lápá ọ̀tún, ọ̀mọ̀ fún mi lápá òsì, àràbà kan gbé àyà lé mi lẹ́yìn. Egungun ìhà mi ń dún bí igi gbígbẹ nínú iná. Mo pariwo mọ́ igi àfàrà tó wà níwájú mi pé, "Ìwọ yìí, ṣí lọ́nà!" Àfàrà bú sẹ́kún. Ó ní, "Ọdẹ, ṣé èmi ni? Èmi náà ń wá ibi tí n óò mí sí." Mo pariwo mọ́ àràbà ẹ̀yìn mi. Ó ní, "Bi ẹni tó wà lẹ́yìn mi."

Ibẹ̀ ni mo ti lo ọgbọ́n tí odidi ẹgbẹ́ ọdẹ kò ní. Mo fi eékún gun ìrókò bí ọ̀bọ, mo dé ṣóńṣó orí rẹ̀, mo sì wo ẹ̀yìn pátápátá. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo rí? Àwọn igi kéékèèké tó wà lẹ́yìn ń ṣeré! Wọ́n ń jó, wọ́n ń fi ìdí ti ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọn kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń kú níwájú. Mo yin ìbọn sókè lórí wọn: gbòlà! Wọ́n dúró. Ìgbà tí ẹ̀yìn dúró ni iwájú tó rí èémí mí. Àfàrà sọ ewé kan lé mi lórí, ó ní, "Ọdẹ, láti ìgbà tí a ti wà, iwájú nìkan ni àwọn tó ń kọjá máa ń bá wí."

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ igi yẹn pamọ́. Ìlú wa kò gbé e pamọ́.

Nígbà tí mo jáde nínú igbó, mo bá abàmì kan tó dábùú ibodè. Ẹ̀yìn-Ò-Gbọ́ ni orúkọ rẹ̀. Orí rẹ̀ wà lẹ́nu ibodè, ìdí rẹ̀ wà lẹ́yìn òkè tí ojú mi kò ká, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì pọ̀ bí ti ọ̀kùn. Orí ń bẹ àwọn ẹsẹ̀ pé kí wọ́n dúró, nítorí imú rẹ̀ ti tẹ́ mọ́ ògiri. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í dé ìdí kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ó sì tó débẹ̀, ìdí á ti tún rìn síwájú sí i.

Ó fi imú títẹ́ yẹn bi mí pé, "Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Ọdẹ́bùnmi ọmọ Ọdẹ́dínà, tó yìnbọn lẹ́ẹ̀kan tí ẹran méjì ṣubú."

"Ṣé ìgbéraga lo jẹ láàárọ̀ ni?"

"Iṣu sísun ni mo jẹ. Ìgbéraga ni mo fi ṣe epo rẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gba ara rẹ̀ lọ bí omi ṣe ń gba inú oparun, n kò mọ ìgbà tó dé ìdí. Lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ le. Ó ní, "Bí o bá dáhùn èyí, wọlé. Bí o kò bá lè dáhùn, abẹ́ imú mi níbí ni wàá máa gbé. Èrò tẹ ọkùnrin kan pa. Èèyàn mélòó ló pa á?"

Mo rántí Fágbàmígbé. Mo ní, "Gbogbo wọn."

"Ó dáa. Mú ẹnì kan wá nínú wọn kí n fìyà jẹ ẹ́."

"Kò sí ẹnì kankan."

"Báwo ni yóò ṣe jẹ́ gbogbo wọn, tí kò sì ní jẹ́ ẹnì kankan?"

"Bí wọ́n ṣe tú ká lọ sílé nìyẹn, tí wọ́n fọwọ́, tí wọ́n jẹ oúnjẹ alẹ́."

Ẹ̀yìn-Ò-Gbọ́ pa ojú dé. Ó ní, "Wọlé. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kò bá dùn kì í mọ̀ ọ́n."

Mo wọ ìlú. Ẹ̀yin èèyàn mi, pẹlẹbẹ ni gbogbo wọn! Bí ẹní ni wọ́n fẹ̀, bí ewé ni wọ́n fẹ́lẹ́. Wọn kì í ṣí ilẹ̀kùn. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń gbà yọ́ wọlé. Òkúta ni wọ́n ń kó sápò kí atẹ́gùn má bàa gbé wọn. Ọba wọn kì í jókòó. Wọ́n fi í kọ́ sára ògiri bí awọ ẹran, ibẹ̀ ló ti ń dájọ́. Bí ẹni méjì bá pàdé lọ́nà, wọn kì í bọwọ́, wọn kì í dì mọ́ra. Wọ́n á dúró jìnnà díẹ̀, wọ́n á kí ara wọn, wọ́n á kọjá. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo rí àwọn ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ká bí ewé ẹ̀kọ tí wọ́n fi sí àpò ìyá wọn, ẹ̀rín kú lẹ́nu mi.

Wọ́n ní pèpéle tiwọn. Ó fẹ̀ bí pápá. Ọkọ̀ kankan kì í dé ibẹ̀. Síbẹ̀, ní àràárọ̀, wọ́n á jáde lọ dúró, oníkálukú pẹ̀lú àyè tirẹ̀, bí ẹni tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ tí àǹfààní rẹ̀ ti kọjá. Lókè wọn, lábẹ́ òrùlé, ni àwọn Ojú náà wà. Wọ́n tóbi tó àgbálùmọ̀, wọn kò ní ìpéǹpéjú. Bí àwọn tó wà lábẹ́ wọn kò bá pọ̀, wọ́n á tàn bí àwọ̀ ewé. Bí wọ́n bá ń pọ̀, wọ́n á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè. Bí ó bá ku díẹ̀ kí wọ́n pọ̀ jù, wọ́n á pọ́n bí ata, wọ́n á sì han bí ẹyẹ tí ejò wọ ìtẹ́ rẹ̀.

Ẹnì kan yọ jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn kan. Mo mọ àpá tó wà níwájú orí rẹ̀.

"Ìyá Àwẹ̀ró."

"Bàbá Àwẹ̀ró. Ẹ ti rù."

"N kò rù. Wọ́n tẹ́ mi ni." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn; ó ti fẹ́lẹ́ jù fún ẹ̀rín. "Àwẹ̀ró ńkọ́?"

"Ó wà lọ́dọ̀ bàbá mi."

"Má ṣe jẹ́ kí n rí i níbí. Ṣé o gbọ́? Gbogbo ọjọ́ ọjà ni mo máa ń lọ dúró ní ibodè, tí mo ń wo ojú àwọn tó ń dé. Mo ń bẹ Ọlọ́run pé kí n má ṣe mọ ojú kankan."

Ọba Pẹlẹbẹ ní kí wọ́n já Ojú mẹ́fà fún mi. Mo bi í pé kí ni n óò san. Gbogbo ìlú rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà dún bí ewé gbígbẹ lábẹ́ ẹsẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti san án. Nígbà náà ni ọba sọ̀ kalẹ̀ lára ìṣó, ó tẹ̀ mọ́ mi létí. Ó ní, "Ojú yìí kì í parọ́, kì í sùn, kì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Àléébù kan ló ní: ìgbọràn rẹ̀ pọ̀ jù. Ohun tí onílé bá ní kó kà ló máa kà. Ohun tí onílé bá ní kó fojú fò, á fojú fò ó. Orí tí ẹ bá fi pamọ́ fún un, ẹ wá a wá sọ́dọ̀ wa."

Mo dé ilé. N kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ní ìlú yẹn, ọ̀pọ̀ ọdún ni níbí. Bàbá mi ti kú. Wọ́n ní títí di ọjọ́ ìkẹyìn ló ń gbé imú sókè lẹ́nu ọ̀nà, tó ń fi í wá mi nínú atẹ́gùn. Ọmọ tí mo fi sílẹ̀ tí kò ga tó ìdí ìbọn wá pàdé mi, ó ga jù mí lọ, ó ti lọ́kọ, ó pọn ọmọ sẹ́yìn. Ìwọ ni ọmọ ẹ̀yìn yẹn, Àdùfẹ́. O wò mí, o sunkún. Mo ní, "Àwẹ̀ró, mo gbé e dé." Ó ní, "Ìyá mi, ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ gbé ara yín dé." Ó sì dì mọ́ mi. Èmi tí mo ti ìlú àwọn tí kì í dì mọ́ra bọ̀, n kò fẹ́ kó jáwọ́.

Láníyọnu ti hewú, òun náà ló ṣì ń ṣe ọ̀gá téṣàn. Òun fúnra rẹ̀ ló gun àkàbà, tó fi Ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kọ́ sábẹ́ òrùlé pèpéle. Ẹ ò bá rí i! Bí èrò bá ń kún, wọ́n á máa ka orí sókè, Láníyọnu á máa gbọ́. Bí wọ́n bá pọ́n bí ìyeyè, á sún géètì mọ́ra díẹ̀. Bí wọ́n bá pọ́n bí ata, á tì í pa. Àwọn tó kù níta á bú u, á bú ìyá tó bí i, wọ́n á jókòó sábẹ́ ọ̀pọ̀tọ́, wọ́n á jẹ àkàrà. Ọkọ̀ á dé, á lọ. Kò sí ẹni tó kú. Òjò kan àti ẹ̀ẹ̀rùn kan kọjá, kò sí ẹni tó kú. Ẹ jẹ́ kí n yangàn díẹ̀, nítorí kò ní pẹ́: èmi Ọdẹ́bùnmi, mo lọ sí ìlú òkú, mo sì gba ìlú mi lọ́wọ́ ikú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyálóde Ọ̀jẹ́bísí kó àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ gun pèpéle, ó ń mú wọn lọ síbi ìgbéyàwó. Ojú ìkíní wò wọ́n, ó ké pé, "Mẹ́fà!" Ìyálóde dúró gbọn-in.

"Ta ló bi ọ́?"

Ó sún mọ́ abẹ́ Ojú náà.

"Mo ní ta ló bi ọ́ léèrè iye ọmọ tí mo ní? Láníyọnu! Ta ló ní kí nǹkan yìí ka ọmọ mi?"

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Nílẹ̀ wa, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ẹni bá kà wọ́n ti fi wọ́n han ohun tó ń wá wọn. Kò tó oṣù kan sí i, ibà gbé ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà náà lọ. Ìyálóde kò sunkún. Ó bọ́ gèlè, ó sì pe gbogbo ìlú jọ sábẹ́ ọ̀pọ̀tọ́.

Ó ní, "Ìyá mi kò kà mí. N kò ka ọmọ mi. Ojú kan wá láti ìlú òkú, ó ní mẹ́fà. Ẹ wá kà wọ́n wò báyìí."



Mo ní, "Ìyálóde, ẹ kú ìrọ́jú. Ibà ló pa á."

"Ta ló rán ibà?"

Láníyọnu kúnlẹ̀. Ó ní, "Ìyá wa, bí kò bá kà wọ́n, báwo ni n óò ṣe mọ̀ pé pèpéle ti kún?"

"Ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ilẹ̀ wo ló tẹ̀? Àyè ta ló gbà?"

Mo ní, "Ó gba àyè o. Ẹ wo obìnrin tó pọn ọmọ bó ṣe ń fẹ̀gbẹ́ wọ ilẹ̀kùn tóóró. Ẹ má bínú, ọba tó fún mi ní Ojú yìí sọ fún mi pé..."

"Ọdẹ́bùnmi!" Ìyálóde wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ìwọ tí o bí ẹyọ kan, tí o fi í sílẹ̀ lọ sígbó títí ó fi lọ́kọ, ìwọ ló fẹ́ kọ́ wa bí a ṣe ń pọn ọmọ?"

Ìlú rẹ́rìn-ín. Mo ti gbọ́ tí ẹkùn ń kùn lẹ́yìn ọrùn mi rí, n kò yẹsẹ̀. Ẹ̀rín ọjọ́ yẹn gbé mi jókòó.

Baálẹ̀ Akíntáyọ̀ ni ó là á. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìbínú kúrò níwájú òun. Ó ní, "Kí Ojú máa ka àgbà. Kí ó fojú fo ọmọdé, ti ẹ̀yìn àti ti ọwọ́. Báyìí, a kò já Ojú lulẹ̀, a kò sì tẹ òfin ìyá wa mọ́lẹ̀." Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Ó dùn létí. Mo ti wá mọ̀ pé ohun tó dùn létí gbogbo èèyàn, ó yẹ kí a tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ní ọjọ́ kejì, Láníyọnu dúró sábẹ́ àwọn Ojú náà, ó ní, "Ẹ ka àgbà nìkan. Ẹ fojú fo ọmọdé." Ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wò ó. Wọ́n gbọ́. Láti ọjọ́ náà, àwọ̀ ewé pọ̀ lójú wọn. Àwọn èèyàn ní Ojú ti di ọmọ ìlú, pé ó ti kọ́ ìwà. Nígbà tí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní, "Ìyá ọdẹ, ẹ lọ sígbó, ẹran ń dúró dè yín."

Ọdún yẹn ni ìgbóná wọ àwọn oko tó yí wa ká. Ìkéde dé pé kí gbogbo abiyamọ kó ọmọ wọn wọ ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn tó wà ní ìlú kejì, kí wọ́n lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n dá. Ẹ fọkàn rò ó wò. Kì í ṣe ọjọ́ ọjà tí obìnrin ń gbé iṣu. Ọjọ́ ọmọ ni. Kò sí obìnrin kan lórí pèpéle tí kò pọn ọ̀kan, kò sí èyí tí kò fa ọ̀kan tàbí méjì lọ́wọ́. Àgbà kan, ọmọ mẹ́ta. Àgbà kan, ọmọ méjì. Ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń ka àgbà.

Mo bá Àwẹ̀ró lẹ́nu géètì. Mo di ìwérí rẹ̀ mú. Mo ní, "Má gun ibẹ̀ lónìí. Jẹ́ kí a fi ẹsẹ̀ rìn ín, èmi ni n óò pọn ọmọ náà dé ibẹ̀."

"Ìyá mi, ìrìn ọjọ́ méjì? Abẹ́rẹ́ á tán. Ẹ wo òkè."

Mo wòkè. Wọ́n ń tàn bí ewé tètè lẹ́yìn òjò.

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tún ọ̀já rẹ̀ so. Ó ní, "Ojú tí ẹ̀yin fúnra yín lọ gbé wá nítorí tèmi, ṣé á parọ́ fún mi ni?"

Ó wọlé. Láníyọnu náà wòkè, ó rí àwọ̀ ewé, ó fi géètì sílẹ̀ ní ṣíṣí.

Ọkọ̀ fọn fèrè lókè odò. Mo gun òpó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì bí mo ṣe gun ìrókò nígbà kan, mo sì wo ẹ̀yìn pátápátá. Àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn ń kọrin. Wọ́n ń jó ọmọ wọn sókè, inú wọn dùn pé ọmọ àwọn yóò bọ́ lọ́wọ́ ìgbóná. Bí wọ́n ṣe ń jó, wọ́n ń sún síwájú. Wọn kò gba ìbọn láyè ní téṣàn. Ẹnu nìkan ni mo ní. Mo pariwo mọ́ wọn, mo ń fi ọwọ́ méjèèjì lé wọn padà. Wọ́n rò pé mò ń kí wọn. Wọ́n juwọ́ sí mi.

Mo rí Àwẹ̀ró. Ó wà láàárín, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè gbé apá. Kò pariwo, nítorí ariwo a máa fẹ́ èémí. N kò mọ bí ó ṣe tú ọ̀já. Ó gbé ọ sókè lórí ọwọ́ méjèèjì, Àdùfẹ́, ó sì tì ọ́ lé ọwọ́ ẹnì kan, ìyẹn gbé ọ fún ẹlòmíràn, lórí orí gbogbo wọn, títí o fi dé ọ̀dọ̀ mi lórí òpó. Ọwọ́ tó gbé ọ kẹ́yìn, n kò mọ ẹni tó ni ín. Nígbà tí mo fi gbà ọ́ mọ́ra tí mo tún wo ibẹ̀, ó ń wò mí, ẹnu rẹ̀ là, kò sì ṣẹ́jú.

Àwọn Ojú kò ké. Bí àgbà ṣe ń kú, iye tí wọ́n ń kà ń dín. Bí iye ṣe ń dín, àwọ̀ ewé wọn ń jinlẹ̀ sí i. N kò tíì rí ohun tó tutù lójú tó bẹ́ẹ̀ rí.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà wa, ó pé jọ sábẹ́ ọ̀pọ̀tọ́, ó sì pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí ọkọ̀ lọ, a tẹ́ wọn sórí pèpéle láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá. Ìyálóde Ọ̀jẹ́bísí jókòó ti àwọn tirẹ̀, orí rẹ̀ wà níhòòhò. Láníyọnu ní láti ránṣẹ́ iye wọn sí àwọn ọ̀gá rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti ìdí pèpéle, ó na ìka, ó ń sọ ọ́ lẹ́nu wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ó ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ní ojú wa, ní ọ̀sán gangan. Kò sí ìyá kan tó bá a jà. Ó kọjá lára Ìyálóde, ó na ìka sí àwọn tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Ìyálóde kò gbé ojú sókè.

Ó dé ọ̀dọ̀ Àwẹ̀ró. Ó dúró. Ìka rẹ̀ wà lókè, kò lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó wò mí níbi tí mo jókòó sí, tí ìwọ ń sunkún lẹ́yìn mi. Mo rántí bàbá Àwẹ̀ró tó ń dúró ní ibodè yẹn, tó ń wo ojú àwọn tó ń dé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Mo ní, "Kà á."